Ohùn ọmọ àti ohùn bàbá: àgbéyẹ̀wò Tea for the Tillerman, ti 1970 àti ti 2020

Ọdún pípẹ́ ni mo fi gbà pé Jimmy Cliff ló ni orin "Wild World". Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí rédíò bá ti gbé e, bàbá mi, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka orin òyìnbó sí, á máa fi ìka lu apá àga. Ìgbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sọ fún mi pé ọmọ ìlú yìí gan-an ló ni orin náà, pé òun náà ló sì ṣe kòkáárí rẹ̀ nígbà tí Jimmy Cliff kọ ọ́ sínú àwo ní 1970. Ó ní Cat Stevens ni wọ́n ń pè é nígbà náà, pé ó ti di Mùsùlùmí tipẹ́, Yusuf Islam ló ń jẹ́ báyìí. Mo jiyàn. Nígbà tó yá, mo lọ ra àwo rẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà.

Àwo méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Èkíní ni Tea for the Tillerman tó jáde ní oṣù kọkànlá 1970. Èkejì ni èyí tí ọkùnrin náà tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020 nígbà tí àkọ́kọ́ ń pé àádọ́ta ọdún. Orin mọ́kànlá kan náà ló wà nínú méjèèjì, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀ léra náà ni wọ́n tún ṣe tò. Owó ara mi ni mo fi rà wọ́n, ó sì ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ wọn, pàápàá láàárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí oorun kò tíì kùn mí.

Ẹni tó bá ń kánjú, ìdájọ́ mi rèé: ti 1970 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n orin kan ṣoṣo wà nínú ti 2020 tí kò jẹ́ kí n lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi í sílẹ̀. Mo máa dé orí rẹ̀.

Àwo yìí kò yé mi tó àfi ìgbà tí mo mọ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ń bọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù keje 1948 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, Steven Demetre Georgiou ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Gíríìkì ará Kípírọ́sì ni bàbá rẹ̀, ará Swídìn ni ìyá rẹ̀. Ilé oúnjẹ ni wọ́n ní, Moulin Rouge ni wọ́n ń pè é, ní Shaftesbury Avenue níbi tí àwọn ilé eré orí ìtàgé pọ̀ sí. Òkè ilé oúnjẹ náà ni wọ́n ń sùn, gbogbo ọmọ ló sì ń bá wọn gbé abọ́. Ọmọ olóúnjẹ ni, ó mọ ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ kó tó mọ ohun tí à ń pè ní òkìkí. Ó lọ sí ilé ìwé iṣẹ́ ọnà ní Hammersmith, ọwọ́ tó sì fi kọ́ àwòrán yíyà níbẹ̀ náà ló fi ya èèpo àwo tí mo ń sọ yìí: ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa tó jókòó ti tábìlì, ife tíì wà níwájú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1966. Ní 1967, "Matthew and Son" gòkè dé ipò kejì lórí àtẹ àwọn orin tó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wọ kóòtù fún un, wọ́n kó ẹgbẹ́ olórin ńlá sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbé e kiri ìlú pẹ̀lú Jimi Hendrix àti Engelbert Humperdinck nínú ètò kan náà. Ọtí, sìgá, àìsùn. Kó tó pé ọmọ ọdún 22, ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè. Ilé ìwòsàn kan ní Midhurst, ní Sussex, ni wọ́n gbé e lọ, ikú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Àwa tí a dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti máa ń fi wúyẹ́wúyẹ́ dárúkọ àìsàn yẹn, a mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́mọkùnrin láti dùbúlẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù kó máa fetí sí èémí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa oríṣiríṣi ẹ̀sìn. Irùngbọ̀n hù. Orin ń wá, wọn ò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tó jáde, ó ní òun ò fẹ́ ariwo fèrè àti fayolíìnì tí wọ́n ń kó lé òun lórí mọ́. Paul Samwell-Smith, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin Yardbirds, ló bá a ṣe kòkáárí ìgbohùnsílẹ̀. Alun Davies ló ń ta gìtá kejì. Nínú 1970 nìkan, àwo méjì ni wọ́n gbé jáde, Mona Bone Jakon lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Tea for the Tillerman. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ orin tó ń jẹ́ "But I Might Die Tonight", ẹ má rò pé ọmọdé kan ló ń dẹ́rù ba àwọn òbí rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ẹwà àwo 1970 wà nínú ohun tí wọn kò fi sí i. Gìtá méjì, pianó níhìn-ín lọ́hùn-ún, ìlù díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń mí kó tó gbé ohùn, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dùn ún rí. "Miles from Nowhere" á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó bá yá ohùn náà á ya bí omi tó já ìdènà. Mo ti lọ rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ nítorí aládùúgbò mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. "Where Do the Children Play?" ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ yóò ti ṣeré bí a bá ti kọ́lé tán tí a la títì tán, ó sì ń béèrè ẹ̀ láì pariwo. "Into White", gìtá àti fayolíìnì, ni mo máa ń fi sùn. "Longer Boats" nìkan ni mi ò tíì rí ojú ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Orin rẹ̀ dùn létí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọlé sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí "Father and Son".

Orin yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ òun àti bàbá tirẹ̀. Eré orí ìtàgé kan ló fẹ́ ṣe, òṣèré Nigel Hawthorne wà nínú ètò náà, nípa ìgbà tí wọ́n dojú ìjọba ọba dé ní Rọ́ṣíà. Ọmọ àgbẹ̀ kan fẹ́ lọ darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń jà. Bàbá rẹ̀ ní kó dúró sóko. Eré náà kò wáyé, orin yìí ló kù nínú rẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni Cat Stevens fi kọ tiẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́: kí ọmọ má kánjú, kó rọra, kó wá ìyàwó fẹ́, kó wo òun tí òun ti darúgbó tí inú òun sì dùn. Ọmọ wá gbà á, ohùn gòkè, ó le. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan kò gbọ́ ẹnì kejì.

Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí nǹkan kan tó wá di pé kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Bàbá ń pe ọmọ ní "ìwọ". Ọmọ kò pe bàbá ní "ìwọ" rárá. "Ó" ló ń pè é, nígbà tó yá ó di "wọ́n". Kì í ṣe bàbá ló ń dá lóhùn. Ó ń sọ̀rọ̀ náà sínú, níbi tí bàbá kò ti lè gbọ́. Òyìnbó lè gbọ́ orin yẹn kó rò pé bàbá àti ọmọ ń jiyàn. Ọmọ Yorùbá tó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ rí, tó ní "Ẹ ṣé sà, mo ti gbọ́", tó sì ti pinnu ohun tí yóò ṣe, á mọ̀ pé kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀, ìkejì dákẹ́. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003. Bàbá mi ti bá mi wá iṣẹ́ olùkọ́ sí Ìbàdàn, wọ́n ti lọ bẹ ènìyàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, owó ọkọ̀ òfúrufú ti wà nínú àpò mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ti wà ní Heathrow.

Láàárín àwo méjèèjì, ìgbésí ayé ọkùnrin yìí yí padà lọ́nà tí àwo kejì kò fi lè jọ àkọ́kọ́. Ní 1976, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní Malibu, ní Kalifóníà, omi fẹ́ gbé e lọ, ó ké pe Ọlọ́run pé bí Ó bá yọ òun, òun á máa ṣiṣẹ́ fún Un. Ìgbì kan dé, ó tì í padà sétí òkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ David fún un ní Kùránì tó rà bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Súrà Yusuf ló mú un lọ́kàn jù, ìtàn ọmọ tí wọ́n tà lọ́jà. Ó ní òun rí ara òun níbẹ̀, nínú òwò orin tó ń tà òun tó ń rà òun. Oṣù kejìlá 1977 ló gba Ìsìláàmù ní mọ́sáláṣí Regent's Park, ó sì mú orúkọ Yusuf. Ó gbé àwo kan jáde sí i ní 1978, ó kọrin ní Wembley ní oṣù kọkànlá 1979 fún ètò àwọn ọmọdé ti UNICEF, ó sì gbé gìtá sílẹ̀. Ó ta àwọn gìtá rẹ̀, ó fi owó wọn ṣe àánú.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan kò tíì dárí jì í fún èyí. Èmi ò lè bá a bínú. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Wéré ni wọ́n fi ń jí wa sí sààrì nínú ààwẹ̀, inú wéré náà ni fújì ti jáde, síbẹ̀ ààfáà àdúgbò wa kò gbà kí a lu ìlù kankan nítòsí mọ́sáláṣí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nínú ọkàn ẹni tó fẹ́ràn orin tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sì jókòó lásán. Ní 1983 ó dá Islamia Primary School sílẹ̀ ní Brent, ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1998 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí i, ó wà lára àwọn ilé ìwé Mùsùlùmí tó kọ́kọ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà ní ilẹ̀ yìí. Willesden tí wọ́n ti gba ohùn Tea for the Tillerman sílẹ̀ ní sitúdíò Morgan, Brent kan náà ló wà. Bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ń gba Willesden kọjá, mi ò sì lè kọjá níbẹ̀ mọ́ kí orin kan má sọ sí mi lọ́kàn.

Wàhálà náà wà. Ní 1989, ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Salman Rushdie, òǹkọ̀wé tí aṣáájú Ìráànì pàṣẹ pé kí wọ́n pa nítorí ìwé rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà kò gbé orin rẹ̀ mọ́; òun ṣì ń sọ pé òun kò fọwọ́ sí kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni, àwọn kan sì wà tí àlàyé yẹn kò tẹ́ lọ́rùn títí di òní. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ rárá. Ní 2004, nítorí orúkọ rẹ̀ tó wà lórí ìwé àwọn tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òfúrufú, wọ́n darí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Washington sí ìpínlẹ̀ Maine, wọ́n sì dá a padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 2006, ó gbé An Other Cup jáde, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ irú ti àtijọ́ láti 1978.

Báyìí, ẹ wá gbọ́ ti 2020. Gúúsù Faransé ni wọ́n ti ṣe é, ní sitúdíò La Fabrique. Paul Samwell-Smith tún wà níbẹ̀, Alun Davies tún wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti di àgbà. Lórí èèpo àwo, alẹ́ ti lẹ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa ti wọ aṣọ àwọn tó ń lọ sójú òfúrufú. Àwo náà wúwo lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, pọ́ùn mẹ́rìnlélógún ni mo rà á. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kò dì í dáadáa, igun rẹ̀ ti ká kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kọ̀wé kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti lè fojú rí i bí ó bá ṣeé ṣe. Ti 1970 tí mo rà ní àlòkù náà ní ìbínú tiẹ̀: olùtà ní kò ní àpá kankan, ṣùgbọ́n "Sad Lisa" ń ta pàrà pàrà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àwo àlòkù síta sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ tó sanwó.

Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe inú ti 2020 ló bá mi lára mu. "Wild World" ni wọ́n sọ di ijó ilé ọtí àtijọ́, ó ń lọ tìrólé tìrólé. Orin tí bàbá mi ń fi ìka lù kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì máa ń gbé abẹ́rẹ́ kọjá rẹ̀. "Longer Boats" tó ti rú mi lójú tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ráàpù Brother Ali sí i, ó sì wá ní ìtumọ̀ díẹ̀ sí mi. "On the Road to Find Out" ló yà mí lẹ́nu jù lọ: wọ́n fún un ní gìtá bíi ti àwọn Túárẹ́gì aṣálẹ̀ Málì, orin ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà kiri bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ràkúnmí. Ó dára ju ti 1970 lọ, mo sì ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ohùn ọkùnrin náà ti sọ̀kalẹ̀, ó ti gbó bí igi ìrókò, "Miles from Nowhere" kò lè bú jáde bíi ti ìgbà yẹn mọ́, àgbà tó ti rí òpópónà náà láti òkèèrè ló ń kọ ọ́ báyìí.

"Father and Son" ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òun ló ṣìkejì sí ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó ti pé àádọ́rin ọdún ló kọ ti bàbá. Nígbà tó kan ọmọ láti fèsì, kì í ṣe àgbà ló kọ ọ́. Wọ́n lọ wá ohùn rẹ̀ láti inú eré tó ṣe ní Troubadour, ní Los Angeles, ní 1970, wọ́n fi í síbẹ̀. Bàbá tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn, òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ṣì ń bọ́ bàtà. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo dé.

Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, àfarawé bàbá ló ń ṣe. Ní 2020, ó mọ̀ pé ọmọ yẹn kò ní gbọ́. Ó mọ̀ pé yóò lọ, ó mọ ibi tí ó ń lọ, ó mọ omi Malibu àti gìtá tí yóò tà. Síbẹ̀ ó ń sọ ọ́ fún un pé kó rọra. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ẹyọ kan kò kúrò níbẹ̀. Nínú ti 1970, ẹ̀yìn ọmọ ni mo wà. Ní báyìí tí ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 17, tó ń sọ fún mi pé òun ò fẹ́ yunifásítì, tó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú nílẹ̀, mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà mọ́.

Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 2020. Ẹ gbọ́ ti 1970 títí yóò fi mọ́ yín lára, ó kéré tán oṣù mélòó kan, kí ẹ tó gbé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbà náà ṣì lè dúró lórí ìtàgé, ó kọrin ní àjọ̀dún orin Glastonbury ní oṣù kẹfà 2023, ó kù bí oṣù kan kó pé ọmọ ọdún 75, inú oṣù kan náà sì ni àwo rẹ̀ King of a Land jáde. Mo fún ti 1970 ní márùn-ún nínú márùn-ún. Ti 2020, mẹ́rin, nítorí "Wild World".

Oṣù tó kọjá, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo fi "Father and Son" ti 2020 gbọ́ bàbá mi lórí WhatsApp. Wọ́n ti pé ọdún 83. Nígbà tó parí, wọ́n bi mí pé ta ni àgbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní ẹni tó ni orin tí ẹ máa ń fi ìka lù lápá àga ni, sà. Mo sọ ti òkun fún wọn, mo sọ ti mọ́sáláṣí, mo sọ pé ó ta gbogbo gìtá rẹ̀.

"Ta ló wá dá gìtá padà sílé rẹ̀?"

Mo ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Ọmọ náà ló mú gìtá kan wálé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kírun àsùbáà tán, gbogbo ilé ṣì ń sùn, ó rí gìtá náà nílẹ̀, ó gbé e.

Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé. Wọ́n wá ní, "Tún un gbé, kí n gbọ́ ti ọmọ yẹn dáadáa."